Séèfù tá a fi ń sinmi, séèfù tá a fi ń padà sẹ́yìn

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ń séèfù gémù ṣáá, tó ń tọ́jú ibi tó bá dé sínú fáìlì, ojo ni. Pé akin tó bá kú, ó ti kú náà nìyẹn, kó lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní bá wọn jà, mo kàn fẹ́ mọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé ni. Torí ní Ọbántókò tiwa ní Abẹ́òkúta níbí, kì í ṣe ọ̀tá inú gémù ló ń pa èèyàn jù, iná ni. O ti rìn jìnnà, àdììtú tó ti ń dà ẹ́ láàmú látàárọ̀ ti fẹ́ yé ẹ, ó ku kó o ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, gbogbo ilé bá ṣú, àwọn ọmọ ìta ti hó yèè, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tèmi sì rèé, ó ti di ẹrù lásán, tí wáyà bá ti kúrò lára ẹ̀, ó parí. Nítorí náà mo máa ń séèfù, mo máa ń séèfù gan-an, ojú ò sì tì mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ti iná lọ. Látìgbà tí mo ti ń gbá àwọn gémù adventure àtijọ́, ìyẹn àwọn gémù onítàn tó kún fún àdììtú, lórí fóònù (ScummVM ni mo fi ń gbá wọn, áàpù ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá a), ohun tó ń hàn sí mi ni pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì tí kò jọra rárá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti ìsinmi: mo fẹ́ jẹun, mo fẹ́ sùn, màmá mi ń pè mí, jọ̀ọ́ bá mi dá nǹkan yìí dúró síbi tó wà títí màá fi dé. Èkejì ni ti ìpadàsẹ́yìn: mo fẹ́ dán nǹkan kan wò, ó lè bàjẹ́, tó bá bàjẹ́ màá padà síbí, ká ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀tọ́ ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi du èèyàn. Èkejì ni ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀, torí òun ló ń yí àdììtú padà tó sì ń yí ìtàn padà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe gémù ni ò sì rò ó dójú ẹ̀, wọ́n á kàn fi bọ́tìnnì sí i, ó tán.

Ẹ jẹ́ n mú un láti orísun. Gémù tí gbogbo adventure yòókù ti jáde wá, Colossal Cave Adventure, Will Crowther ló kọ́kọ́ kọ ọ́ láàárín 1975 sí 1976, lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń jẹ́ PDP-10. Ọkùnrin yìí máa ń wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́, ní Mammoth Cave ní Kentucky lọ́hùn-ún, ihò yẹn gan-an ló sì gbé sínú gémù. Nígbà tó di 1977, Don Woods ní Stanford fi tiẹ̀ kún un. Kò sí àwòrán kankan, ọ̀rọ̀ lo máa tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lá fi dá ẹ lóhùn. Nínú ti Woods yìí, àṣẹ kan wà níbẹ̀, SUSPEND. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, á dá ìrìn ẹ dúró fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó o padà wọlé lójú ẹsẹ̀, o ní láti dúró fún ìgbà kan kó o tó lè máa bá a lọ. Ẹ ò rí i bí? Ohun yòówù kó mú wọn ṣe é bẹ́ẹ̀, ohun tó já sí ni pé séèfù ìsinmi ni wọ́n fún ẹ, wọn ò fún ẹ ní ti ìpadàsẹ́yìn. Ta ló fẹ́ kú, kó wá jókòó de aago kó tó lè jí?

Zork ló wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mo fẹ́ràn Zork o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn ọmọ MIT ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1977, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Infocom sílẹ̀ ní 1979, apá kìíní jáde sórí kọ̀ǹpútà kékeré ní 1980. Ibẹ̀, o tẹ SAVE, o tẹ RESTORE kó o padà síbi tó o séèfù sí, kò sí ẹni tó máa bi ẹ́ ní ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ fìtílà tó o gbé lọ́wọ́ ní bátìrì tó ń tán, olè kan sì ń rìn káàkiri abẹ́ ilẹ̀ tó lè yọ ohun tó o ti kó jọ lápò ẹ. Kí ni àwọn èèyàn wá ń ṣe? Wọ́n á séèfù, wọ́n á fi fìtílà yẹn rìn gbogbo ihò já, wọ́n á máa ya máàpù sórí pépà, fìtílà á kú, òkùnkùn á pa wọ́n, wọ́n á wá RESTORE, wọ́n á wá rìn ín lẹ́ẹ̀kejì láìfi ẹsẹ̀ kan ṣòfò. Ìyẹn ni pé ẹ̀mí àkọ́kọ́ yẹn, amí ni, wọ́n rán an lọ kú ni.

Ẹ wá wo akọni tó dé ìparí. Kò ṣìnà rí. Kò yà sí yàrá tí kò wúlò. Ó mọ ibi tí ìṣúra wà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, ó mọ ohun tó yẹ kó gbé dání kó tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ta ló sọ fún un? Àwọn òkú ni, àwọn òkú tó jẹ́ òun fúnra ẹ̀. Tí ẹ bá rántí ọmọ kan tó máa ń wà nídìí àlọ́, èyí tó ti gbọ́ àlọ́ yẹn rí, tí Ìjàpá ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti ń pariwo pé kí wọ́n má ṣí i fún un, ẹni tó ń lóòdù gémù, tó ń padà síbi tó séèfù sí, nìyẹn. Ohun tó mọ̀ ju ohun tí ìtàn tíì sọ lọ. Graham Nelson, ẹni tó ṣe Inform tí wọ́n fi ń kọ irú gémù yìí ní 1993, kọ àwọn ẹ̀tọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń gbá gémù ní sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kó lè borí láìlo ìmọ̀ tó kó bọ̀ látinú ayé tó ti kú sí tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn yìí nìkan, tí gbogbo àwọn tó ṣe gémù láàárín 1980 sí 1990 bá ti gbà á, ì bá ti dáa fún ọ̀pọ̀ wa.

Torí ẹ wá gbọ́ ti páì.

Àbúrò mi kan, ọmọ àǹtí mi, tó ń kàwé ní FUNAAB, wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà tí wọ́n gba ìsinmi. Mo gbé King's Quest V fún un lórí fóònù, ti 1990 nìyẹn, àwòrán ẹ̀ ṣì rẹwà títí dòní. Ọba Graham ló ń wá ìdílé ẹ̀ kiri. Ó ń bá a lọ dáadáa, ó dé orí òkè oníyìnyín.

"Ẹ̀gbọ́n, ebi ń pa ọba yín o. Ó ní òun ò lè rìn mọ́."

"Kí ló wà nínú àpò ẹ̀?"

"Ẹran kan wà ńbẹ̀, itan àgùntàn. Páì náà wà ńbẹ̀. Mo ti fún un ní páì jẹ."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ páì. Ó ní ẹran ló tóbi, ẹran ló lè wúlò níwájú, páì tín-ín-rín yẹn kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí ọmọ yìí ti ṣì. Ẹni tó ń lo ọpọlọ ló sọ̀rọ̀ yẹn. Mo dákẹ́, mo ń wò ó. Nígbà tó yá, ó dé ọ̀dọ̀ ẹranko onírun funfun tó wà nínú ihò, ẹranko yẹn gbá a mú, ó kú, ó lóòdù, ó tún kú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n fi ń pa eléyìí?"

"Páì."

Ó wò mí. "Páì wo?"

"Èyí tó o jẹ yẹn."

Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ju páì oníkọ́sítáàdì rírọ̀ yẹn mọ́ ọn lójú, kò ní ríran mọ́, á ṣubú lulẹ̀ látorí òkè, òun ni ìdáhùn, kò sí òmíràn. Ó ní, "Ta ló ń ju oúnjẹ mọ́ èèyàn lójú, ẹ̀gbọ́n?" Ìbéèrè gidi nìyẹn o, torí àwọn tó dàgbà sí Amẹ́ríkà ti rí páì tí wọ́n ń jù mọ́ra wọn lójú nínú àwàdà látìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àmọ́ ẹni tó dàgbà sí Adátán, tó bá ju oúnjẹ, àbárá ló máa gbà. Àdììtú yẹn ò sí lójú ilẹ̀ fún un láti yanjú. Èyí tó wá burú jù ni pé fáìlì kan ṣoṣo ló ń séèfù sí, lórí ara wọn, ó sì ti séèfù lẹ́yìn tó jẹ páì tán. Kò sí ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀ lórí òkè yẹn kó lọ ra òmíràn. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ ṣe ewédú.

Gémù yẹn náà ló tún ní ológbò kan tó ń lé eku kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ṣẹlẹ̀. Tó ò bá ju bàtà tó o ti he lu ológbò yẹn lójú ẹsẹ̀, eku kú, gémù ò sọ nǹkan kan fún ẹ, á jẹ́ kó o máa rìn lọ. Ọ̀nà á jìn. Nígbà tó yá wọ́n á dè ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ilé àlejò kan, eku yẹn ló yẹ kó wá fi eyín gé okùn, kò sì ní wá, torí o ti jẹ́ kó kú. Andrew Plotkin, tóun náà ń kọ irú gémù ọlọ́rọ̀ báyìí, pín ìkà inú gémù sí ìpele márùn-ún ní 1996. Ìpele àkọ́kọ́ ni àwọn oníyọ̀ọ́nú, ibi tó ò ti lè há rárá. Èyí tó kẹ́yìn ni Cruel, ìyẹn ni pé o ti ba nǹkan jẹ́, o ò mọ̀ kó o tó ṣe é, o ò sì mọ̀ lẹ́yìn tó o ṣe é tán. Eku yẹn rèé, páì yẹn rèé.

Ẹ wá wo ohun tí irú gémù báyìí ń fi séèfù ṣe. Séèfù ìsinmi pàápàá ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, torí o lè lọ sùn, kó o jí padà sínú gémù tó ti kú látàná láìmọ̀. Ìwọ tó o ń gbá a á wá di akọ̀wé, o ń tọ́jú fáìlì ogún, o ń kọ orúkọ sí wọn lára, "kí n tó wọ aginjù", "kí n tó fún ìyá arúgbó ní nǹkan". Ohun tó ń bẹ lọ́kàn ẹ kì í ṣe pé kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ìdílé ọba, ohun tó ń bẹ lọ́kàn ẹ ni pé kí ni mo ti gbàgbé. Ìtàn ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dúró de ìgbà tó o bá máa parí ìṣirò.

Ron Gilbert bínú sí nǹkan yìí, ó kọ àròkọ kan ní 1989 lórí ìdí tí gémù adventure fi ń súni, nígbà tó sì di 1990 tóun náà gbé The Secret of Monkey Island jáde ní Lucasfilm Games, èèyàn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kú nínú ẹ̀. Tó o bá fi Guybrush, akọni gémù náà tó fẹ́ di ajalèlókun, sílẹ̀ lábẹ́ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kú, torí ó máa ń fọ́nnu pé òun lè dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò tún sí ikú míì tó mọ́yán lórí. Ó ti ẹ̀ fi àwọn gémù yòókù ṣe yẹ̀yẹ́: ibì kan wà tí Guybrush ti já bọ́ látorí òkè, wọ́n bá gbé àpótí kan jáde tó ní o ti ṣe é báyìí, ṣé o séèfù, bọ́tìnnì mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, àyà ẹ á já. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ Guybrush á ta padà sókè, ó ní igi rọ́bà ló gba òun. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ kì í ṣe ti pé kò sí ikú ni mo ṣe ń yìn ín. Ti èébú ni. Nínú gémù yẹn, ìjà idà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìka tó yá, èébú ni. Ẹ̀yin méjèèjì á kọjú síra yín lójú ọ̀nà, ọ̀kan á bú èkejì, èkejì á wá èsì tó bá èébú yẹn mu rẹ́gí. Tó o bá mọ èsì, o lé e sẹ́yìn, tó ò bá mọ̀, ìwọ lò ń sún sẹ́yìn. Nígbà tó o bá bẹ̀rẹ̀, o ò mọ nǹkan kan, èyí tó o mọ̀ ò tó nǹkan, wọ́n á nà ẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èébú tí wọ́n bá bú ẹ lo máa kó lọ, wàá fi bú ajalèlókun míì, tí ìyẹn bá mọ èsì ẹ̀, wàá tún kó èsì yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe máa ṣe é títí wàá fi tó lọ bá ọ̀gá obìnrin tó mọ idà lò jù ní erékùṣù yẹn, èébú tiẹ̀ sì yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó o ti gbọ́, èsì tó o mọ̀ náà lo máa rọ́ wọlé níbi tó bá bá a mu.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ibẹ̀. Tó o bá séèfù kó o tó jà, tí wọ́n nà ẹ́, tó o wá lóòdù, èébú tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Lóòdù ló máa pa ẹ́ lára, ìyà tó o jẹ ni èrè. Kò sí ẹni tó fòfin dè ẹ́, kò sí ẹni tó gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ ẹ, wọ́n kàn ṣe é tó fi jẹ́ pé kò ní wù ẹ́ láti padà sẹ́yìn. Guybrush ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ìwọ náà ò mọ nǹkan kan, ẹ jọ jẹyà, ẹ jọ gbọ́n. Kò sí òkú kankan tó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Àbúrò mi ò nílò àlàyé kankan nígbà tó dé apá yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí èébú wọn sí Ẹ̀gbá, ó ń bú wọn sókè nínú pálọ̀, àwọn èyí tó ń fi kún un látọ̀dọ̀ ara ẹ̀ dáa ju ti inú gémù lọ, mi ò lè kọ wọ́n síbí.

Ibi tí àìlèkú ò ti lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni ti ìméfò. Tí kò bá sí ohun tó máa ṣe ẹ́, wàá máa fi gbogbo nǹkan kan gbogbo nǹkan, kọ́kọ́rọ́ lára ẹja, ẹja lára òkúta, títí ọ̀kan á fi ṣiṣẹ́. O ti kọjá, kò yé ẹ. Àgádágodo oní-nọ́ńbà mẹ́ta, 1,000 péré ni gbogbo ohun tó lè jẹ́, ẹni tó lágídí á ṣí i. Àti pé ìmọ̀ tó wà lórí ẹ ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fáìlì: nínú Myst ti 1993, ẹni tó bá ti mọ àpẹẹrẹ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ibi ìdáná inú yàrá ìkàwé ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ gémù tuntun, kó lọ tààrà síbẹ̀, kó sì parí ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdììtú tó gba ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, òun ò tiẹ̀ ní wò wọ́n. Èyí tó dí ihò yẹn dáadáa jù tí mo mọ̀ ni Return of the Obra Dinn, Lucas Pope ló ṣe é, 2018. Ọkọ̀ ojú omi kan dé láìsí èèyàn nínú ẹ̀, ọgọ́ta èèyàn ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ lo máa sọ orúkọ oníkálukú àti ohun tó ṣe é. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ ò ní sọ fún ẹ pé o gbà á títí o fi máa gba ti ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ kan, wàá lè méfò. Mẹ́ta pọ̀, ó di dandan kó o ronú, kódà kó o lóòdù títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Tá a bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn gémù tó jẹ́ pé ìpinnu ni gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ tún yí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àsẹ̀rò gbá The Walking Dead ti 2012. Ibì kan wà ní apá àkọ́kọ́ tí àwọn òkú tó ń rìn kiri ń fa ọkùnrin kan àti obìnrin kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ṣoṣo lo lè gbà, àkókò ò sì sí láti rò ó. Ó gba obìnrin, ó padà, ó gba ọkùnrin, ó wo bí ti ọkùnrin ṣe rí, ó tún padà lọ gba obìnrin. Mo bi í pé báwo ni ikú ọkùnrin yẹn ṣe rí lára ẹ̀. Ó ní, "Kò kú náà. Mo rí i tó wà láàyè." Òótọ́ ló sọ. Ó ti rí ayé tó ti wà láàyè, kò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́, ẹkún tí wọ́n ń sun nínú gémù á wá dà bí eré lójú ẹ̀. Èmi ò dá a lẹ́bi o, owó ẹ̀ ló fi rà á. Àmọ́ ìtàn tí wọ́n kọ fún un yẹn, kì í ṣe òun ló gbọ́.

Toby Fox gbá irú ọ̀rẹ́ mi yìí mú nínú Undertale ní 2015. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Toriel, ó tọ́jú ẹ bí ọmọ, o sì lè ṣèèṣì pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn pa á, ó dùn wọ́n, wọ́n lóòdù, wọ́n dá a sí lẹ́ẹ̀kejì. Kété tí wọ́n bọ́ síta, òdòdó kan tó ń sọ̀rọ̀ sọ fún wọn pé òun mọ ohun tí wọ́n ṣe, òun mọ̀ pé wọ́n pa á kí wọ́n tó padà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni irú ẹ̀ ń dáa, gémù kejì tó bá tún ṣe é, ọgbọ́n àrékérekè ló máa jọ.

Èyí tí mo gbé lékè gbogbo wọn ni The Last Express, Jordan Mechner àwọn, 1997, bẹ́ẹ̀ ọjà ò tà fún wọn. Ọkọ̀ ojú irin ni, ó ń kúrò ní Paris lọ sí Constantinople ní oṣù keje 1914, ogun àgbáyé ti fẹ́ bẹ́. O wọ ọkọ̀, o dé yàrá ọ̀rẹ́ ẹ, wọ́n ti pa á. Aago ń lọ lóòótọ́ nínú ọkọ̀ yẹn, àwọn èrò ń jẹun, wọ́n ń jà, wọ́n ń dìtẹ̀, wọ́n ń ṣe é yálà o wà níbẹ̀ o ò sí níbẹ̀, tó o bá wà ní yàrá oúnjẹ, ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá kejì ti kọjá ẹ. Kò sí bọ́tìnnì séèfù kankan. Aago ló wà. Tó o bá fẹ́ sinmi, kúrò ńbẹ̀, ibi tó o dé ló máa wà. Tó o bá fẹ́ padà, yí ọwọ́ aago sẹ́yìn síbi tó ti kọjá, kó o tún bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Tó o bá sì ṣe ohun tó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, bíi pé o fi òkú ọ̀rẹ́ ẹ sílẹ̀ káàkiri tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ rí i, gémù fúnra ẹ̀ á yí aago padà síbi tó ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹ ronú kan ìyẹn. Gémù yẹn mọ ibi tí páì wà. Kò ní jẹ́ kó o gun òkè tán kó tó sọ fún ẹ.

Ohun tó tún mú un wù mí ni pé ìmọ̀ tó o kó bọ̀ látinú àkókò tó o ti pa rẹ́ kì í ṣe ẹ̀tàn níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ gan-an ni. Lọ gbọ́ ohun tí ará Jámánì kan tó wà nínú ọkọ̀ ń sọ, yí aago padà, lọ wo yàrá ẹ̀ nígbà tó o ti mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n ò díbọ́n pé o ò padà sẹ́yìn.

Ó wá ku àwọn tó gbà pé kí wọ́n gba séèfù lọ́wọ́ èèyàn ni gémù fi ń ní agbára. Resident Evil ti 1996 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, ibi tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lo fi ń séèfù, ríbọ́ọ̀nù íńkì ẹ̀ sì níye, tó bá tán, ó tán. Mo gbà, ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́ nínú ẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá lo ríbọ́ọ̀nù kan ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ lókè rèé. Ríbọ́ọ̀nù yẹn dín ìpadàsẹ́yìn kù, ó dáa, ó sì tún gba ìsinmi mọ́ ọn, ìyẹn ni kò dáa. NetHack ti ṣe é dáadáa láti 1987: o lè séèfù nígbà tó o bá fẹ́ kúrò, kò sí wàhálà, àmọ́ bó o ṣe ń padà wọlé ló ń pa fáìlì yẹn rẹ́. Ìsinmi pọ̀ yanturu, ìpadàsẹ́yìn ò sí. Kò le láti ṣe. Ẹni tó bá ní kì í ṣeé ṣe, ẹ sọ fún un pé 1987.

Èmi náà ń kọ kékeré kan pẹ̀lú Inform báyìí, ní páàkì Kútọ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, obìnrin kan ń wá báàgì tó fi sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ sì ti fẹ́ kún. Inform ti ní UNDO nínú tẹ́lẹ̀, àṣẹ tó ń pa ohun tó o ṣe kẹ́yìn rẹ́, mo ronú títí bóyá kí n yọ ọ́, mo pinnu pé màá fi sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́nu géètì máa rántí. Tó o bá purọ́ fún un tó o wá tẹ UNDO, kó ṣì máa wò ẹ́ bákan. Àbúrò mi bi mí pé báwo ló ṣe fẹ́ rántí nígbà tí UNDO ti dá gbogbo nǹkan padà, tó fi mọ́ orí ìyá ẹlẹ́kọ. Ìbéèrè tó dáa. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni mo ní láti kọ ọ́ sí níta, níbi tí ọwọ́ UNDO ò lè tó, ìyẹn á jẹ́ kí n gbé gbogbo ẹ̀ kúrò lórí Z-machine bọ́ sórí Glulx, ìyẹn ètò méjì tí gémù Inform ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, iṣẹ́ sì wà ńbẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá ṣe é tán, òun ló máa kọ́kọ́ gbá a. Ó ti sọ fún mi pé gbogbo oúnjẹ tóun bá rí ní páàkì yẹn lòun máa jẹ kóun tó ṣe nǹkan míì.